Ibi tí a ó sùn lálẹ́: ohun tí ojú wa rí pẹ̀lú ọkọ̀ onílé ní Mòrókò

Ọ̀nà kọ́ ni ìṣòro ní Mòrókò. Títì wọn dán, ilé epo wà káàkiri, oúnjẹ kò wọ́n. Ibi tí èèyàn máa sùn sí ni wàhálà wà. Láti ìgbà tí èmi àti Bàbá Kúdí ti dé láti ibẹ̀ ni àwọn èèyàn wa ní Ìlú Ọba ti ń pè wá pé àwọn náà fẹ́ gbé ọkọ̀ onílé lọ síbẹ̀, ìyẹn ọkọ̀ tó ní ibùsùn, ibi ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú. Fídíò tí wọ́n wò ló wọ̀ wọ́n lójú: òkun, ràkúnmí, iyanrìn pupa. Kò sí aago méjìlá òru nínú fídíò náà, kò sì sí ẹni tó ń tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn lójú láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ohun tí a rí, kí ẹlòmíràn má baà rí i.

Manchester là ń gbé. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, Bàbá Kúdí ní tiwọn wa bọ́ọ̀sì. A kúrò nílé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, a gba Faransé àti Sípéènì kọjá, a dé Algeciras, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé èèyàn àti mọ́tọ̀ sọdá. Omi yẹn kò fẹ̀, kò gbà ju bí wákàtí kan àti ààbọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí wọ́n ní yóò gbéra lọ́sàn-án kò gbéra títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Ẹ jẹ́ kí ó yé yín dáadáa pé Tanger Med, èbúté Mòrókò tí ọkọ̀ ojú omi náà gbé wa dé, kì í ṣe Tangier. Èbúté náà jìnnà sí ìlú Tangier tó bí 40 kìlómítà, òkè ló sì wà láàárín wọn. Ẹni tó bá rò pé òun á sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, òun á kàn wọ ìlú lọ wá ibi tí òun máa sùn, orí òkè ni ilẹ̀ máa ṣú u sí. Ìwé tí wọ́n ń yẹ̀ wò náà ń gba àkókò. Páásípọ́ọ̀tì Ìlú Ọba ń gba ọjọ́ 90 láìsí físà. Ẹni tó bá ń lo ti Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ti gba físà kó tó dé ibẹ̀. Mọ́tọ̀ ń gba oṣù 6 nínú ọdún kan, wọ́n á sì kọ ọ́ mọ́ orúkọ ẹni tó wà á wọlé. Ìnṣọ́ránsì wa kò dé Mòrókò, nítorí náà a ra ti ibẹ̀ ní èbúté. Ẹni tó bá ní drone, ẹ̀rọ kékeré tó ń fò ya fọ́tò, kó fi í sílé, torí àwọn aṣọ́bodè á gbà á. Inú orílẹ̀-èdè wọn náà lẹ ti máa rí dirham, owó tí wọ́n ń ná, gbà, ẹ̀rọ tó ń pọ owó wà ní èbúté.

Nígbà tí a fi máa parí gbogbo èyí, ilẹ̀ ti ṣú pátápátá. Bàbá ará Faransé kan tí ọkọ̀ tirẹ̀ wà níwájú wa ló fi ọwọ́ sọ fún wa pé kí a má lọ, kí a sùn sí ibi ìgbọ́kọ̀sí tó wà nínú èbúté. Kò bá Bàbá Kúdí lára mu. Wọ́n ní, “Ìyá Kúdí, ṣé inú ọgbà kọ́sítọ́ọ̀mù la máa sùn ni?” Ibẹ̀ la sùn, ẹ́ńjìnnì tírélà ń kùn létí wa títí ilẹ̀ fi mọ́. Láàárọ̀ la tó rí ọ̀nà òkè tí à bá gbà lóru náà: ó rí kọ́lọkọ̀lọ, ewúrẹ́ ń dà kọjá, àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn wà létí títì níbi tí kò sí iná kankan.

Lẹ́yìn náà a kọrí sí ìsàlẹ̀ létí òkun Àtìláńtíìkì. Ní Asilah, ibi ìgbọ́kọ̀sí kan tí mẹ́gádì ń ṣọ́ nítòsí odi àtijọ́ ìlú náà la sùn, ó sì lọ wẹ́rẹ́. Wẹ́rẹ́ tó lọ yẹn ló jẹ́ kí ọkàn wa balẹ̀ jù. Lọ́jọ́ kejì, áàpù kan lórí fóònù fi etíkun kan hàn wá ní gúúsù ibẹ̀. Àwọn tó ti sùn síbẹ̀ rí kọ ọ́ pé ó dákẹ́, ó lẹ́wà, wọn kì í gbowó. Ìrọ̀lẹ́ la dé ibẹ̀. Kò sí ọkọ̀ mìíràn, kò sí ilé, kò sí mẹ́gádì. Òkun nìkan ni. Mo tẹ ẹ̀bà, a fi ọbẹ̀ ẹja tútù tí a rà ní Asilah jẹ ẹ́, a kírun Iṣáì, a sùn.

Ìró ọwọ́ lára ọkọ̀ ló jí mi. Iná tọ́ọ̀ṣì wọlé láti ẹ̀gbẹ́ kọ́tìnì. Bàbá Kúdí ní kí n má ṣílẹ̀kùn. Wọ́n tún lù ú, ẹnì kan sì pariwo, “Gendarmerie!” Àwọn ọlọ́pàá ìgbèríko ni wọ́n. Méjì wọ aṣọ iṣẹ́, ẹnì kẹta wọ jalábíà onífìlà. Ohun tí wọ́n ń béèrè ṣáá ni pé èèyàn mélòó ló wà nínú ọkọ̀ náà. Mo ní méjì. Ọ̀kan wọlé, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ wa, ó gbé bẹ́ẹ̀dì sókè, ó ṣílẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ó tan iná sábẹ́ tábìlì. Èyí tó wà níta gba páásípọ́ọ̀tì wa, ó yẹ̀ ẹ́ wò tiwájú-tẹ̀yìn, ó fi ìka lé ibi tí wọ́n kọ Ìbàdàn sí. “Nigeria?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé mo fi í pamọ́ sábẹ́ ìborùn mi. Mo wá wo Bàbá Kúdí, tí wọ́n ti fi gbogbo ìgbà okun wọn wa bọ́ọ̀sì nílùú òyìnbó, bí wọ́n ṣe dúró lórí iyanrìn pẹ̀lú aṣọ ìsùn lọ́rùn, láìsí bàtà lẹ́sẹ̀, tí ọmọ tí wọ́n lè bí ń tan iná sí wọn lójú. Ìbànújẹ́ tó dé bá mi ju ẹ̀rù tó ń bà mí lọ.

Mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Wọn kò bú wa, wọn kò béèrè kọ́bọ̀. Èyí tó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ ṣàlàyé pé láti etíkun yẹn ni àwọn ọkọ̀ kékeré tó ń kó èèyàn lọ sí Sípéènì ti ń ṣí lóru, àwọn kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn síbẹ̀. Ó ní kí a kó ẹrù wa, kí a lọ sí ilé epo tó wà lójú títì ńlá.

Bí a ṣe wa ọkọ̀ lóru nìyẹn, èyí tí gbogbo ẹni tó mọ Mòrókò ti kìlọ̀ fún wa pé kí a má ṣe. Kẹ̀kẹ́ kan tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń fà yọ sí wa lójijì, kò ní iná, kò ní nǹkan kan tó ń dán lára. Bàbá Kúdí tẹ bíréèkì, abọ́ tó wà níbi ìdáná já bọ́, ó fọ́ yángá. Mo ń ka Àyátúl Kúrísíyù títí a fi rí iná ilé epo náà.

Mẹ́gádì ibẹ̀, bàbá àgbàlagbà kan tó wé láwàní, ni mo sọ̀ kalẹ̀ lọ kí. Mo ní “Salaamu alaykum.” Ó dáhùn, ó wo ojú mi, kò béèrè ohunkóhun. Ó fọwọ́ júwe àárín tírélà méjì fún wa, lábẹ́ iná gan-an. 20 dirham ló gbà. Ó gbé àga rẹ̀ sún mọ́ táyà wa, ó gbé tíì rẹ̀ ka orí éédú. Nígbà tó di ìdájí, mo gbọ́ tí ọkọ̀ kan dúró, mo yọjú, àwọn ọlọ́pàá tún ni. Bàbá náà dìde, ó bá wọn sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Kò sẹ́ni tó kan ìlẹ̀kùn wa.

Ohun tó yé mi láàárọ̀ ọjọ́ náà ni mo ti dìmú títí dòní. Ní ilé epo yẹn, ẹnì kan wà tó lè sọ pé, “Mo mọ̀ wọ́n, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wà.” Létíkun, kò sí. Nílé wa náà, àlejò wo ló máa wọ abúlé lóru, tí á tẹ́ ẹní sábẹ́ igi láì kọ́kọ́ kí baálẹ̀? Àwọn kámpìǹgì wọn pàápàá, ìwé ọlọ́pàá ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé síwájú yín kí ẹ kọ orúkọ, nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tì àti nọ́ńbà ọkọ̀ sí. Ìjọba wọn fẹ́ mọ ọwọ́ ẹni tí àlejò wà nígbà tílẹ̀ bá ṣú. Fóònù lè fi ibi tó lẹ́wà hàn yín, kò lè dúró fún yín lóru.

Nítorí náà, tí ó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, a kì í rìn mọ́. Ibi tí a máa sùn la ń wá, ẹnu la sì fi ń wá a. Ní ìlú ńlá, àwọn mẹ́gádì ibi ìgbọ́kọ̀sí ni ká wá, àwọn tó ń wọ ẹ̀wù iṣẹ́ tó ń dán, tí wọ́n ń pè ní gardien. Owó wọn kì í sábà ju 10 sí 30 dirham fún òru kan, àmọ́ ẹ bá wọn sọ ọ́ kí ẹ tó pa ẹ́ńjìnnì. Lójú ọ̀nà, ilé epo tó ní ilé oúnjẹ dára púpọ̀, ẹ jẹun níbẹ̀ kí ẹ tó béèrè ibi ìsùn. Ní abúlé, ẹ béèrè moqaddem, òun ni ojú ìjọba níbẹ̀. “On peut dormir ici?”, ìyẹn “Ṣé a lè sùn síbí?” ní èdè Faransé, tó fún gbogbo rẹ̀, ẹni tí kò gbọ́ Faransé á pe ọmọ ilé ìwé kan wá. Tí wọ́n bá ní rárá, ẹ dúpẹ́, ẹ béèrè ibi tó ṣeé ṣe, wọ́n á sọ ọ́ fún yín. Kámpìǹgì tó ní omi àti iná kò ju nǹkan bí 70 sí 120 dirham lọ lójú ọ̀nà tí a gbà, a sì máa ń yà síbẹ̀ tí táńkì bá ń béèrè omi.

Èyí tó wá dẹrùn jù fún wa ni pé mẹ́gádì máa ń mọ mẹ́gádì. Kí a tó kúrò láàárọ̀, a máa ń sọ ìlú tí à ń lọ fún ẹni tó ṣọ́ wa mọ́jú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ní èèyàn kan níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni o, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni o, á sì pè é lórí fóònù lójú wa. Tí a bá dé, wọ́n ti ń retí wa. Bí a ṣe gba apá tó pọ̀ nínú ìrìnnà náà nìyẹn, láti ọwọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn aláwọ̀ funfun tó ń kọ ìwé nípa Mòrókò kì í kọ, torí kì í ṣẹlẹ̀ sí wọn. Awọ dúdú la jẹ́. Ní apá àríwá, àwọn ọmọ Áfíríkà tó fẹ́ kọjá sí Yúróòpù pọ̀, ojú yẹn ni ọlọ́pàá sì kọ́kọ́ fi ń wò wá. Ní ibùdó àyẹ̀wò, wọ́n á ní kí ọkọ̀ onílé tó wà níwájú wa máa lọ, wọ́n á dá tiwa dúró. Ó dùn mí, mi ò sì ní kí ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ ni pé kí a dúró pátápátá níbi àmì “Halte” títí wọ́n á fi juwọ́ sí wa, kí a sọ wíńdò kalẹ̀, kí a yọ jígí ojú, kí sálámà kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ṣáájú ọ̀rọ̀ mìíràn. A tún tẹ orúkọ wa, iṣẹ́ wa, nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tì àti nọ́ńbà ọkọ̀ sórí ìwé, a ṣe ẹ̀dà rẹ̀ rẹpẹtẹ, a ń fún wọn ní ọ̀kan ọ̀kan. Ìwé yẹn ń gé ìbéèrè kúrú. Bí a ṣe ń lọ sí gúúsù ni ọ̀rọ̀ náà ń fúyẹ́, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ náà dúdú bíi tiwa.

Fes ni mo ti sunkún ayọ̀. Tijáníyà ni bàbá mi, ojoojúmọ́ ni mo fi ń gbọ́ wàsífà, àdúrà wọn, nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìbàdàn. Ní àárín ìlú àtijọ́ Fes ni sàréè Ṣéù Ahmad Tijani wà, ẹni tó dá Tijáníyà sílẹ̀, tó sì kú lọ́dún 1815. A gbé ọkọ̀ sí kámpìǹgì lẹ́yìn ìlú, torí ọ̀nà inú medina, ìyẹn ìlú àtijọ́ náà, kò gba mọ́tọ̀ rárá, a wọ takisí dé ẹnu ibodè. Nínú sáwíyà náà, ilé ìjọsìn tí sàréè yẹn wà, a bá àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gàl, àwọn ará Nìjẹ̀r, àti àwọn Hausa láti Kano, gbogbo wa jókòó sórí ẹní kan náà lẹ́yìn Àsárì ọjọ́ Jímọ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè páásípọ́ọ̀tì lọ́wọ́ mi níbẹ̀.

Láti Fes a gun òkè lọ sí Ifrane àti Azrou. Ẹni tó bá gbọ́ Áfíríkà tó ro oòrùn, kó gbọ́ èyí: Ifrane ni wọ́n ti ṣàkọsílẹ̀ òtútù tó le jù ní ilẹ̀ Áfíríkà, -23.9 °C, lọ́dún 1935. Gáàsì wa tán níbẹ̀. Sílíńdà Ìlú Ọba kò ṣeé pààrọ̀ ní Mòrókò, gáàsì tí a sì máa ń fi páìpù rọ sínú táńkì ọkọ̀ ní Sípéènì, ilé epo wọn kò ní i. Ti ìbílẹ̀ wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù kékeré, owó rẹ̀ kò tó nǹkan, wọ́n sì ń ta régúlétọ̀ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́. A rà á, a so ó pọ̀, ó ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án. Lóru, iná kú. Sílíńdà kún, gáàsì kò jáde. Butane ló wà nínú rẹ̀, butane kì í di afẹ́fẹ́ jáde tí òtútù bá ti dé 0 °C. Mo wọ gbogbo aṣọ tí mo ní, eyín mi ń lu ara wọn. Onílé tó gbà wá sí ọgbà rẹ̀ rí iná fóònù wa láti fèrèsé, ó fa wáyà iná wá bá wa, ó gbé hítà kékeré kan lé wa lọ́wọ́. Tí kì í bá ṣe ọgbà rẹ̀ la wà, tó bá jẹ́ pé inú igbó igi sídà la lọ dúró sí bí àwọn kan ṣe ń ṣe, mi ò mọ bí òru yẹn ì bá ti rí. Ẹ ra propane, irú gáàsì tí òtútù bẹ́ẹ̀ kì í dá dúró, kó pọ̀ dáadáa ní Sípéènì kí ẹ tó sọdá, tàbí kí ẹ má sùn sókè nígbà òtútù. Tí yìnyín bá bọ́, wọ́n á fi ọ̀pá dí ọ̀nà òkè, ẹ ò sì ní lè sọ̀ kalẹ̀.

A sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìhà Errachidia, a sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsun omi Meski láàárín ọ̀pẹ dábínù, a dé Merzouga níbi tí iyanrìn Erg Chebbi ti ga bí òkè. Àwọn ilé àlejò tó wà nídìí iyanrìn náà ń gba ọkọ̀ onílé sí ọgbà wọn, kò sí ìṣòro kankan níbẹ̀ ju kí ẹ má gbé ọkọ̀ kúrò lórí ilẹ̀ líle lọ.

Nítòsí Tinghir ni mo ti fẹ́ kí ẹ fetí sí mi dáadáa. A rí ilẹ̀ gbígbòòrò kan tí òkúta wẹ́wẹ́ tẹ́ sí, ó tẹ́jú, igi ọ̀pẹ yí i ká. Bàbá Kúdí ti ń wá ibi tí wọ́n máa gbé táyà sí. Ìyá àgbàlagbà kan tó ru ẹrù koríko yọ láti inú oko, ó sọ koríko náà kalẹ̀, ó ń bọ̀ kíákíá. Èdè Amazigh ló ń sọ, mi ò gbọ́ ẹyọ kan. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ le, làálì ti pọ́n ìka rẹ̀ títí dé orí èékánná. Ó fi ọwọ́ kejì tọ́ka sí òkè tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, níbi tí ìkuukùu ti ṣú, ó wá fi ọwọ́ náà gbá afẹ́fẹ́ láti ibẹ̀ wá síbi tí ẹsẹ̀ wa wà. Ó tún un ṣe. Kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀ àfìgbà tí Bàbá Kúdí tan ọkọ̀ tí wọ́n sì gbé e gun ẹ̀gbẹ́ títì. Òjò kankan kò rọ̀ síbi tí a wà lóru yẹn. Ṣùgbọ́n láàárọ̀, omi aláwọ̀ amọ̀ ń ṣàn gba orí òkúta wẹ́wẹ́ náà kọjá. Kò jìn, àmọ́ ó ní agbára. Ojú odò ni ibẹ̀. Òjò tó rọ̀ lórí òkè Atlas ní ọ̀nà jíjìn ló ń wá. Nígbà tó di oṣù 9 ọdún yẹn kan náà, a ti padà sílé nígbà tí a gbọ́ pé omi gbé bọ́ọ̀sì èrò lọ ní agbègbè Tata, ìyá yẹn ló wá sí mi lọ́kàn. Ilẹ̀ tó bá tẹ́jú, tó mọ́, tí kò sí ẹni tó kọ́lé sí i tàbí tó dáko sí i ní gúúsù Mòrókò, ẹ béèrè ìdí rẹ̀ kí ẹ tó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Láti ibẹ̀ a gba Ouarzazate, a gba ọ̀nà orí òkè tí wọ́n ń pè ní Tizi n'Tichka, tó ga ju mítà 2,200 lọ, wọ Marrakech. Ọ̀nà òkè mìíràn, Tizi n'Test, ló wù wá, ṣùgbọ́n ìmìtìtì ilẹ̀ ọjọ́ 8 oṣù 9 ọdún 2023 ti ba ọ̀nà yẹn jẹ́. Marrakech pariwo jù fún mi, a kò pẹ́ níbẹ̀.

Ní Tafraoute, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ onílé ló máa ń wà lábẹ́ ọ̀pẹ nígbà òtútù. Mẹ́gádì ń wá gba owó díẹ̀, àwọn èèyàn ń gbé búrẹ́dì àti omi wá bá yín lórí ọ̀kadà. Ìlú náà gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Ibẹ̀ náà ni mo ti rí ohun tó bí mi nínú: àwọn àgbààgbà láti Yúróòpù tó ń gbé àpótí ìgbẹ́ wọn lọ dà sẹ́yìn àpáta, tí bébà ìnùdí ń fò káàkiri níbi tí àwọn ọmọ ìlú ti ń da ewúrẹ́. Omi mímu wọn wà nínú ilẹ̀ yẹn. Èyí wà lára ohun tí wọ́n fi ń lé wa kúrò ní ọ̀pọ̀ ibi, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí kámpìǹgì, ẹ san owó díẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí ẹ dà á sí ṣáláńgá. Tí ẹ kò bá lè ṣe ìyẹn, ẹ má gbé ọkọ̀ onílé lọ síbẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ nígbà tí a kọjú sí àríwá padà. Láàárín Essaouira àti Safi, a rí pápá kan lẹ́yìn abúlé, wọ́n fi ògiri kúkúrú yí i ká, ó ṣófo. Orúkọ abúlé náà ní Khemis nínú. Kò sí ẹni tí a lè bi, a sì ti rẹ̀. Kò tíì tó aago mẹ́rin ìdájí tí ọkọ̀ akẹ́rù fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Àgùntàn, àlùbọ́sà, bàtà, ike, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń já kalẹ̀ yí wa ká. Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ ọjà wọn. Khemis ni Àlàmísì tí àwa Mùsùlùmí ń pè é nílé; tí mo bá ti ronú kàn án, ǹ bá ti mọ̀. Had, Tnine, Tlata, Arba, Jemaa, Sebt, bákan náà ni wọ́n ṣe ń fi ọjọ́ ọjà sọ orúkọ ìlú. Ẹni tó ń ta àlùbọ́sà ní ìdí ilẹ̀kùn wa kò bínú, ó kàn rọ̀ wá pé kí a má gbìyànjú àtijáde kí ọjà tó tú. Inú ọkọ̀ la wà títí di ọ̀sán.

Ààwẹ̀ mú nǹkan mẹ́ta wá tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Wọ́n á dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan títí ààwẹ̀ á fi tán. Ilé oúnjẹ ojú ọ̀nà máa ń tì lọ́sàn-án. Wákàtí tó ṣáájú ìṣínu ló sì léwu jù lójú títì, torí gbogbo èèyàn ló ń sáré relé. Ẹ ti gbọ́dọ̀ wà ní ìdúró nígbà náà. Mẹ́gádì ilé epo kan nítòsí Larache gbé abọ́ ọbẹ̀ harira, dábínù àti ẹyin sísè wá bá wa bí wọ́n ṣe ń pe ìrun Màgàríbì, ó sì jókòó sórí àtẹ̀gùn ọkọ̀ wa, a jùmọ̀ ṣínu.

Ọ̀rọ̀ Tangier ló kù. A dúró ra epo ní ẹ̀yìn ìlú náà, èmi àti Bàbá Kúdí ń jiyàn pé bóyá kí a sùn síbẹ̀ kí a tó lọ sí èbúté. Ọmọkùnrin kan tó jókòó sẹ́bàá ògiri dìde. “Ẹ káàsán mà, ẹ káàsán sà.” Ọmọ wa ni. Ó ti gbọ́ ohun tí à ń sọ. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ dákun, ẹ má sùn síbí. Àwọn èèyàn máa ń wọ abẹ́ ọkọ̀ lóru.” Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi hàn mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn ibi tí èèyàn lè há ara rẹ̀ sí kó lè bá ọkọ̀ sọdá sí Sípéènì. Mi ò bi í bó ṣe mọ̀ ọ́n. A fún un ní gààrí tó kù, ẹja gbígbẹ àti owó. Ó bẹ̀ wá kí a bá òun pe ìyá òun, Bàbá Kúdí fún un ní fóònù. Ohùn obìnrin náà ń jáde, ó ń kí wa, ó ń ṣàdúrà fún wa. Mi ò tíì gbàgbé rẹ̀. Mi ò sì mọ ohun tí à bá tún ṣe.

A lo òru tó kẹ́yìn nínú kámpìǹgì tó ní odi. Kí a tó gbéra láàárọ̀, Bàbá Kúdí dọ̀bálẹ̀ tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ọkọ̀, wọ́n ṣí gbogbo àpótí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a kò sì dúró níbì kankan títí a fi dé Tanger Med. Níbẹ̀, wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ tó ń wo inú ọkọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é. Ẹ má gbé ju 2,000 dirham jáde, ẹ ṣẹ́ ìyókù padà ní èbúté. Kí ẹ tó wọ ọkọ̀ ojú omi, ẹ rí i pé wọ́n ti yọ mọ́tọ̀ yín kúrò lára orúkọ ẹni tó wà á wọlé nínú kọ̀ǹpútà wọn. Tí wọn kò bá yọ ọ́, tí ẹ bá tún padà wá lọ́dún mìíràn, wọ́n á ní mọ́tọ̀ náà kò tíì kúrò nílùú.